Olú tó le bí pákó lára igi: bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kaná

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, àbúrò kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Olú ńlá kan ló yọ nídìí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé bàbá wọn ní Ọbáńtokò níbí ní Abẹ́òkúta, ó fẹ̀ tó abọ́ ìjẹun, orí ẹ̀ ń dán bí àga tí kápẹ́ńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáníṣì kùn, etí ẹ̀ funfun báláú. Ohun tó kọ sábẹ́ fọ́tò náà ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lingzhi tí wọ́n ń tà yẹn nìyí? Màmá ti gbé ìkòkò kaná o." Lingzhi yẹn ni olú ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ń tà nínú páálí. Mo pè é lójú ẹsẹ̀, mo ní kí wọ́n sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀ ná. Kì í ṣe pé mo mọ̀ pé májèlé ni, mi ò tíì mọ ohun tó jẹ́ ni, torí orí olú nìkan ló yà, bẹ́ẹ̀ sì ni olú ara igi, orí ẹ̀ kì í sọ orúkọ ẹ̀ tán, abẹ́ ẹ̀ ló máa ń sọ ọ́.

Látìgbà yẹn ó ti tó èèyàn mélòó kan tó bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ.

Olú tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ìyá wa máa ń ká nítòsí ògán lẹ́yìn òjò, tó nà ró lórí ẹsẹ̀ kan tó sì tẹ́ bí agboòrùn. Èyí máa ń yọ láti ara igi bíi pẹpẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ó le, òmíì le débi pé àdá ló máa gé e kúrò. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní olú pẹpẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí kó lè yá. Ohun tí ẹ sì gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn ni pé èyí tí ẹ rí níta yẹn, èso lásán ni. Ara olú gan-an wà nínú igi, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, ó ń jẹ igi yẹn láti inú, ó sì lè ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó so èso kankan.

Ohun tí ẹ máa mú dání

Kò pọ̀. Ọ̀bẹ tó mú, rúlà tó ní mìlímítà, fóònù yín, pẹ́ńsùlù, àti ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí àpò pépà tí ẹ máa dì í sí. Ẹ má lo náílọ́nù o, mo bẹ̀ yín, olú máa ń làágùn nínú náílọ́nù, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ó ti ń rùn, ìdin ti ń jáde, gbogbo nǹkan tí ẹ fẹ́ wò ti bàjẹ́. Tí ẹ bá rí gíláàsì kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó dáa, tí ẹ ò bá rí, kámẹ́rà fóònù tí ẹ bá sún un mọ́ra máa ń gbìyànjú.

Ìgbà òjò ló dáa jù láti ṣe é, láti bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, torí èyí tó ṣì ń dàgbà ló máa dá yín lóhùn dáadáa. Èyí tó ti gbẹ nínú ọyẹ́, àwọ̀ ẹ̀ á ti ṣí, kòkòrò á ti lu abẹ́ ẹ̀ jálẹ̀. Tí etí olú bá ṣì funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó sì rọ̀ díẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ń dàgbà lọ́wọ́ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo igi kí ẹ tó wo olú

Ibí yìí ni gbogbo èèyàn ti máa ń ṣìṣe. Wọ́n á já olú, wọ́n á gbé e wálé, wọ́n á wá máa bi mí pé kí ni. Èmi náà á bi wọ́n pé igi wo ló wà, wọn ò ní rántí mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò láti òkèèrè kí gbogbo igi náà hàn, kí ẹ tún wá sún mọ́ ọn. Igi wo ni, máńgòrò ni, ọ̀pẹ ni, tíìkì ni, àbí gẹdú tó ti wà nílẹ̀ ní sọ́ọ̀mìlì? Ṣé igi náà ṣì ń rúwé àbí ó ti kú? Ṣé ìdí ẹ̀ ni olú wà, àbí àárín, àbí orí ẹ̀ka? Àwọn olú kan wà tó jẹ́ pé ìdí igi àti gbòǹgbò ni tiwọn, àwọn mìíì ò sì ní débẹ̀, igi gbígbẹ tí oòrùn ń pa ni wọ́n fẹ́. Tó bá dà bíi pé ilẹ̀ lásán ni olú ti hù, ẹ fi ọ̀bẹ wú ilẹ̀ yẹn díẹ̀, ẹ máa sábà bá gbòǹgbò tàbí kùkùté tó ti rà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rí i, ibẹ̀ náà kí ẹ tó gbọ̀nà ilé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé olú pẹpẹ ni lóòótọ́?

Ẹ fọwọ́ kàn án. Fífọwọ́ kan olú kì í pa èèyàn, jíjẹ ẹ́ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn ẹ̀.

Tó bá ń rọ̀ tó sì ń fà bíi pọ̀ǹmọ́ tútù, tó rí bí etí èèyàn, Auricularia nìyẹn, ẹ̀yà míì ni pátápátá. Tó bá rọ̀ tí ọwọ́ lè fà á ya, tí abẹ́ ẹ̀ sì là wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí ojú ewé ìwé tí wọ́n tò pọ̀, ìdílé Pleurotus lẹ yẹ kí ẹ lọ wò, irú èyí tí àwọn èèyàn ń gbìn tà nínú àpò báyìí. Tó bá kéré bí èékánná àtàǹpàkò sí bíi ìka méjì, tó funfun tó sì nírun lórí, tí abẹ́ ẹ̀ ní ilà ilà tí ilà kọ̀ọ̀kan là sí méjì ní etí, Schizophyllum commune ni. Òun pọ̀ gan-an lára igi gbígbẹ, àwọn kan sì ń fi se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe olú pẹpẹ tí à ń wá.

Tó bá le, tó dà bí awọ gbígbẹ tàbí kọ́ọ̀kì tàbí pákó, tó sì ní ihò wínníwínní lábẹ́ dípò ilà, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìrísí àti ìwọ̀n

Èyí ò pẹ́. Ẹ fi rúlà wọn bó ṣe fẹ̀ sí láti apá òsì dé apá ọ̀tún, bó ṣe yọ síta láti ara igi, àti bó ṣe nípọn níbi tó ti so mọ́ igi. Ẹ wò ó bóyá ẹyọ kan ni àbí wọ́n tò léra wọn bí páànù òrùlé. Ẹ wò ó bóyá ó ní ẹsẹ̀, torí àwọn kan ní ẹsẹ̀ kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Microporus xanthopus, fún àpẹẹrẹ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pépà, ó ní ilà ilà àwọ̀ ilẹ̀ yí orí ẹ̀ ká, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè níbi tó ti so mọ́ igi, tí ẹ bá ti rí ẹsẹ̀ oníyeyè yẹn lẹ́ẹ̀kan ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: orí ẹ̀

Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ọkàn yín lé àwọ̀. Oòrùn ń ṣí i, òjò ń fọ̀ ọ́, ewéko àwọ̀ ewé máa ń hù lé orí àwọn àgbà inú wọn, olú kan náà lè ní àwọ̀ mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ fi ọwọ́ pa á, ṣé ó nírun bí aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì àbí ó jọ̀lọ̀? Ṣé ó ní òbìrípo ilà tó yí i ká? Ṣé ó ń dán? Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ṣé èèpo líle kan wà lórí ẹ̀ tó ń fọ́ bíi búrẹ́dì tó jóná lẹ́yìn, àbí ara kan náà ni látòkè dé ìsàlẹ̀?

Òmíì tiẹ̀ wà tí orí ẹ̀ máa sọ púpọ̀ fún yín. Tí ẹ bá dé sọ́ọ̀mìlì èyíkéyìí níbí tàbí tí ẹ bá wo òpó ọgbà tó ti pẹ́ nínú oòrùn, ẹ máa rí pẹlẹbẹ kékeré kan tó pupa bí epo pupa, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí orí pupa tí abẹ́ náà pupa. Pycnoporus sanguineus nìyẹn, àwọn kan ti ń pè é ní Trametes sanguinea báyìí. Tó bá pẹ́ nínú oòrùn orí ẹ̀ máa ń ṣí di funfun, ṣùgbọ́n ẹ dojú ẹ̀ dé, ẹ máa rí i pé abẹ́ ṣì pupa. Ẹ ò rí i pé abẹ́ náà la tún padà sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: abẹ́ ẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Ẹ gé díẹ̀ lára ẹ̀, ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ kúrò, kí ẹ dojú ẹ̀ sókè nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa. Ihò tí ẹ máa rí yẹn, ẹnu ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, inú ọ̀pá wọ̀nyẹn ni irúgbìn olú ti ń jábọ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ.

Bí ihò yẹn ṣe rí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá rí róbótó tó kéré débi pé ojú lásán ò fẹ́ rí i, ẹ kọ ọ́. Tó bá ní igun mẹ́fà bí afárá oyin, tí ihò kan lè tó mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo ìdílé Hexagonia. Tí ihò bá gùn tó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà àárín ilé ní Ìtòkú, tàbí tó tilẹ̀ ti fẹ́ di ilà bíi ti olú jíjẹ ṣùgbọ́n tó le bí awọ, àwọn bíi Daedalea àti Lenzites ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ kà á. Ẹ gbé rúlà lé abẹ́ ẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ wá fẹ fọ́tò yẹn lójú lórí fóònù, kí ẹ ka iye ihò tó wà lórí ìlà mìlímítà márùn-ún, ẹ pín in sí márùn-ún. Ọ̀nà yìí dáa ju kéèyàn máa fi ojú wá mìlímítà kan ṣoṣo. Ganoderma, ìdílé tí lingzhi wà, sábà máa ń ní bíi mẹ́rin sí mẹ́fà ní mìlímítà kan. Ẹ kà á níbi mẹ́ta, torí etí àti ìdí kì í rí bákan náà.

Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù ló kù. Tí abẹ́ ẹ̀ bá funfun, ẹ fi èékánná tàbí igi kékeré fa ilà sí i. Tí ilà yẹn bá di àwọ̀ kọfí lójú yín, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé Ganoderma lẹ dì mú. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ganoderma applanatum nílùú òyìnbó, àwọn ayàwòrán máa ń fi igi ṣóńṣó ya àwòrán odindi sí abẹ́ ẹ̀, tó bá gbẹ àwòrán náà ò ní parẹ́ mọ́. Mo ní kí àbúrò yẹn fa ilà sí abẹ́ ti Ọbáńtokò, ó kọ "M" sí i fún Màmá, kí ó tó rí fóònù ẹ̀ gbé láti yà á, "M" yẹn ti dúdú bíi pé báírò ló fi kọ ọ́.

Tí abẹ́ bá ní àwọ̀ ìpẹtà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò sí funfun kankan níbẹ̀, tí olú sì le bí òkúta, ìdílé Phellinus àti àwọn ìbátan ẹ̀ ni kí ẹ máa rò. Àwọn tó ní kẹ́míkà tó ń jẹ́ KOH máa ń kán ẹ̀kán kan sí inú ara ẹ̀, ti ìdílé yẹn máa di dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kẹ́míkà tó ń jó ara ni o, ẹ má ṣe é nílé níbi tí ọmọdé wà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ là á sí méjì

Ẹ gé e láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí inú ẹ̀ hàn. Ara ẹ̀ wà lókè, ọ̀pá wínníwínní yẹn wà nísàlẹ̀. Ṣé ara ẹ̀ funfun, àbí ó ní àwọ̀ pákó, àbí ó dúdú bíi kọfí? Trametes sábà máa ń funfun nínú, ti Ganoderma bẹ̀rẹ̀ láti àwọ̀ pákó títí dé àwọ̀ kọfí, Phellinus ní àwọ̀ ìpẹtà. Tí ọ̀pá náà bá tò ní ìpele léra wọn, ìpele kan, òmíràn lábẹ́ ẹ̀, olú náà ti ju sáà kan lọ lórí igi yẹn. Àwọn kan máa ń fi ìpele yẹn ka ọdún, nílẹ̀ tiwa tí òjò máa ń dá lóṣù kẹjọ tó tún máa ń padà dé, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbára lé e.

Ẹ gbóòórùn ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má tọ́ ọ wò.

Ìgbésẹ̀ keje: ìyẹ̀fun ẹ̀

Irúgbìn olú kéré débi pé ẹyọ kan ò ṣeé rí, ṣùgbọ́n tó bá ṣù jọ ó máa ń dà bí ìyẹ̀fun, àwọ̀ ìyẹ̀fun yẹn sì ṣe pàtàkì. Ẹ gbé èyí tí ẹ gé wálé, ẹ kọ abẹ́ ẹ̀ sórí pépà tí ìlàjì ẹ̀ funfun tí ìlàjì ẹ̀ dúdú, ẹ fi abọ́ dé e mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìyẹ̀fun funfun máa hàn lórí dúdú, èyí tó dúdú máa hàn lórí funfun. Tí kò bá jáde, ẹ padà lọ fi pépà há abẹ́ èyí tó ṣì wà lára igi, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ti Ganoderma, ẹ lè má tiẹ̀ nílò pépà. Ìyẹ̀fun ẹ̀ ní àwọ̀ kòkó lílọ̀, ó sì máa ń pọ̀ débi pé ó máa bo ewé tó wà nítòsí, ó máa bo òwú aláǹtakùn, ó tilẹ̀ máa ń ká sókè kó bo orí olú fúnra ẹ̀. Àbúrò yẹn ti rò pé eruku ọ̀nà ló bo ewé ìdí igi wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kí ló ń ṣe fún igi?

Ẹ wo ara igi níbi tí olú ti jáde. Nǹkan méjì pàtàkì ló di igi mú, cellulose àti lignin. Olú tó bá ń jẹ lignin máa ń sọ igi di funfun, á rọ̀, á máa ya bí òwú tàbí bíi kànrìnkàn. Olú tó bá ń jẹ cellulose nìkan máa ń fi igi sílẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, á sán ní ìgun mẹ́rin mẹ́rin, tí ẹ bá fọwọ́ rà á á di ìyẹ̀fun. Ganoderma, Trametes àti Phellinus, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn. Tí ohun gbogbo bá jọ Ganoderma ṣùgbọ́n tí igi sán ní ìgun mẹ́rin, ẹ padà lọ tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ẹ dúró

Tí ẹ bá ti dé orúkọ ìdílé, bíi Ganoderma, ẹ ti ṣe iṣẹ́ gidi, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ápù kan lórí fóònù tàn yín pé Ganoderma lucidum ni. Ọdún 1781 ni William Curtis kọ́kọ́ ṣàpèjúwe olú yẹn, èyí tó hù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni, àwọn èèyàn wá ń fi orúkọ ẹ̀ pe gbogbo olú pẹpẹ tó bá ń dán káàkiri ayé. Kódà lingzhi ti ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ń tà nínú páálí yẹn, ní 2012 àwọn onímọ̀ fún un ní orúkọ tiẹ̀, Ganoderma lingzhi, torí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Yúróòpù. Tiwa tó ń dán nídìí máńgòrò, ó lè má jẹ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà ju ìdílé lọ máa nílò maikirosíkóòpù, kó wo bí irúgbìn ẹ̀ ṣe tóbi tó àti bó ṣe rí, ó sì tún lè nílò DNA. Ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, ẹ̀ka tó ń rí sí àìsàn irè oko wà, ẹ̀ka igbó náà wà, FRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó, náà wà ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ irú wọn ni ẹ máa gbé e lọ, kí ẹ mú fọ́tò àti àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ kìíní dání.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé àgbo lẹ̀ ń rò. Mi ò bá yín jà lórí àgbo, olú pẹpẹ ti wà lọ́wọ́ èèyàn tipẹ́. Òkú ọkùnrin kan tí wọ́n rí nínú yìnyín lórí òkè Alps ní 1991, tó ti kú láti bí ọdún 5,300 sẹ́yìn, olú pẹpẹ oríṣi méjì ló wà nínú ẹrù ẹ̀. Ṣùgbọ́n olú pẹpẹ tó ní májèlé wà nínú ayé, Hapalopilus rutilans jẹ́ ọ̀kan, ó ti dá àwọn tó sè é jẹ dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá sè é láìmọ orúkọ ẹ̀, ẹbí ẹ̀ ló ń fi dán an wò.

Ní ti Ọbáńtokò, Ganoderma ni mo pè é, mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀. Màmá da omi ìkòkò yẹn nù, wọ́n bínú sí mi díẹ̀. Mo ní kí àbúrò mú òòlù, kó máa gbá ìdí igi náà yípo, ó sì ní apá tó dojú kọ ilé ìdáná ń dún bí ìlù, apá kejì ń dún gbì. Gígé olú yẹn kúrò ò lè wo igi sàn, mo ti sọ pé èso lásán ni, inú igi ni ẹni tó ń jẹun wà. Màmá fẹ́ràn máńgòrò yẹn, bàbá wọn tó ti lọ ló gbìn ín, ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó gbà. Nígbà tí àwọn agégi bẹ́ ẹ lulẹ̀, ìdí ẹ̀ ti funfun nínú, ó rọ̀ tí ọwọ́ fi ń wọ̀ ọ́, awọ igi tó nípọn bí ìka mẹ́ta péré ló kù tó ń gbé e ró ní apá ilé ìdáná.

Olú náà wà lọ́dọ̀ mi, ó ti gbẹ, "M" yẹn ṣì hàn lábẹ́ ẹ̀. Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sára ẹ̀: Ganoderma, ìdí máńgòrò tó ṣì ń rúwé, Ọbáńtokò, oṣù kẹsàn-án.